Fìlà tí Wọ́n Dà ní Sakété

3 (ìyókù rẹ̀)

…nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn ojo nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan fìlà orí pírósẹsọ̀, ẹ bi wọ́n pé ta ló dé e. Òyìnbó ló dé e. Ó dé e nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ yín wúwo. Ọwọ́ tèmi ò wúwo. Ẹ wò ó. Abẹ fẹ́lẹ́ wọlé sábẹ́ etí rẹ̀ báyìí, mo ń yí i lọ, mo ń yí i lọ, mi ò kánjú, mi ò gbọ̀n. Ó ti ṣí. Kí lẹ wá ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí?

(Ohùn Euloge nìyẹn, nínú fídíò tó gbé sórí ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ń pè ní «Ọmọ Irin, Pobè-Sakété». Ọwọ́ rẹ̀ nìkan la rí níbẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà tó bá yá.)

4

Kí a tó lọ jìnnà, kí a mọ ẹni tí à ń sọ.

Euloge ní ṣọ́ọ̀bù ní Pobè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sakété, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó mọṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọṣẹ́, òun náà kò sì fún ẹnikẹ́ni láàyè láti gbàgbé. Kì í gbójú sókè bí ènìyàn bá wọlé. Bí onítọ̀hún bá ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, Euloge á rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀mùtí.

Pírósẹsọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kò tóbi ju bisikíìtì kan lọ. Iṣẹ́ ló ń mú un gbóná, bó bá sì gbóná jù, á dẹwọ́ eré kó má baà jóná. Àwọn tó ṣe é fi irin pẹlẹbẹ kan dé e lórí, bàbà tí wọ́n kùn kó lè funfun, kí ooru lè tàn ká ara rẹ̀ kí fáànù sì gbé e lọ. Fìlà ni wọ́n ń pe irin náà. Láàrin fìlà àti ọpọlọ gan-an, wọ́n fi ọ̀dà kan sí i tó máa ń gbẹ bó bá pẹ́. Ẹni tó bá ṣí fìlà, tó ha ọ̀dà gbígbẹ náà kúrò, tó sì fi irin olómi, irin tó ń ṣàn bí omi tí wọ́n ń tà nínú páálí, sí ipò rẹ̀, ooru á wálẹ̀, onítọ̀hún á sì lè mú kí pírósẹsọ̀ náà máa sáré ju bí wọ́n ṣe dá a lọ.

Òótọ́ ni gbogbo èyí. Euloge kì í purọ́ nípa irin. Ènìyàn ló máa ń purọ́ fún.

5

*(A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà.)*

ÌKÉDE

A Ń TÚN KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE NÍBÍ. A KÌ Í TÚN ORÍ ÈNÌYÀN ṢE.

Bí ẹ bá ti kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ padà sọ́dọ̀ onítọ̀hún.

Bí ẹ bá ti fi ìrẹsì fa omi inú rẹ̀, ẹ lọ se ìrẹsì náà jẹ.

Ẹ má sọ fún mi pé «ó ṣáà kú ni». KÒ SÍ Ẹ̀RỌ TÓ Ń ṢÁÀ KÚ. Ẹnì kan ló pa á.

Ẹ má dárúkọ Wilfried.

6

Wilfried náà ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní Sakété, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já àpò gàrí sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Euloge ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó kọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ìlú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Euloge ti kà á sí ọ̀dàlẹ̀.

Ohun tí Euloge kò lè fara dà lára rẹ̀:

ó máa ń sọ «ẹ jọ̀ọ́» fún àwọn tó gbé iṣẹ́ wá,

ó máa ń ka ìwé inú páálí kó tó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú páálí,

ohunkóhun tó bá tú kúrò lára ẹ̀rọ, á dì í sínú àgékù aṣọ, á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i, á sì tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ẹni náà bá béèrè,

wọ́n ń béèrè.

7 (ọjọ́ tó ṣáájú fídíò; Ràúdátù, ọmọbìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ya fíìmù, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá)

RÀÚDÁTÙ: Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

EULOGE: Gbé e síbẹ̀.

RÀÚDÁTÙ: Kò kú o. Ó lọ́ra ni. Fíìmù mi ni mo fẹ́ kó sè.

EULOGE: Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó kú?

RÀÚDÁTÙ: Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí òun tó sè é tán. Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ̀sán gangan ni iléèwé Kútọnu tí mo fẹ́ wọ̀ máa kásẹ̀ gbígba fíìmù ńlẹ̀. Wọn ò ní gba tẹnikẹ́ni mọ́.

EULOGE: Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?

RÀÚDÁTÙ: Òun ni.

EULOGE: Ìwọ náà sì gbà á gbọ́.

RÀÚDÁTÙ: Ẹ bá mi wò ó, Fòfó. Bí mi ò bá rí i fi ránṣẹ́, bàbá mi ti sọ ọ́, ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ní Sakété ni mò ń lọ. Gàrí ni n ó máa wọ̀n.

EULOGE: Gàrí ò burú. Òun kì í gbóná jù.

RÀÚDÁTÙ: *(ó ti kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ ọn)*

EULOGE: Ó dáa. Mo máa ṣí fìlà rẹ̀ fún ẹ.

RÀÚDÁTÙ: Ṣé kò léwu?

EULOGE: Fún ta ni?

8

Kò sí ẹni tó bi Euloge bóyá ó ti wo fíìmù náà. Ó ti wò ó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ewúrẹ́ kan ni. Ó gbéra láti Igana, ó gun ọ̀kadà zẹ́mì wá sí Pobè, ó tò sórí ìlà láti gba káàdì ìdánimọ̀. Ànàgó pọ́ńbélé ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn tábìlì bi í pé bàbá rẹ̀ ńkọ́. Ewúrẹ́ ní: «Wọ́n ti jẹ ẹ́.» Akọ̀wé ní kó lọ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó jẹ ẹ́.

Ràúdátù nìkan ló fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo àwòrán rẹ̀, nínú yàrá kan tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ jọ ń sùn. Fíìmù bẹ́ẹ̀, bó bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, tútù ló wà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sè é, àwòrán kan tẹ̀lé èkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kí ènìyàn tó lè wò ó geere. Èyí tí Euloge wò, tútù ni, ó ń já, ó ń dúró, ewúrẹ́ kò ní àwọ̀. Síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn náà bóyá ẹnì kan gbọ́.

9

*Abala yìí ni Euloge ì bá fẹ́ kí a fò. Nítorí náà, ẹ kà á dáadáa.*

Nígbà tó ṣí fìlà tán, tó pa fídíò, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi mú ẹ̀rọ ìlu-igi, ó lu fìlà náà ní ihò, láàrin gbùngbùn, nítorí ibẹ̀ ló ti máa dára jù. Ó fi òrùka kọ́kọ́rọ́ bọ ihò náà. Ó so kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ mọ́ ọn. Ó jù ú sókè, ó hán an.

Lẹ́yìn náà ló tó fẹ́ dá irin tó ń gbé ooru lọ sí fáànù padà sáyè rẹ̀. Irin náà kò kan ọpọlọ mọ́. Fìlà tó ti kúrò ló mú kí àyè ṣófo láàrin wọn, àyè kékeré, bí ìbú èékánná, ṣùgbọ́n ooru kò lè fò ó kọjá.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó. Ẹlòmíràn ì bá wá fìlà irú rẹ̀ lára pírósẹsọ̀ tó ti kú. Mẹ́ta irú rẹ̀ wà nínú agolo lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti fi fìlà òyìnbó dé ohun tó ti ṣí fìlà òyìnbó lórí rẹ̀ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, ìyẹn ni Euloge kò lè ṣe.

Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe fìlà tó dára jù ni.

10

Ní Sakété, lẹ́yìn ọjà, Bàṣírù ń da ìkòkò. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó ti kú, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ aluminiọ̀mù ló ń yọ́, tó ń dà sínú àpótí iyanrìn tí wọ́n ti tẹ àwòrán ìkòkò sí. Ó dàgbà ju Euloge lọ, nítorí náà «ẹ» ni Euloge fi bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tẹríba kí ó tó sọ ọ́.

EULOGE: Fìlà ni mo fẹ́ kí ẹ dà fún mi. Ìwọ̀n rẹ̀ rèé.

BÀṢÍRÙ: Ìkòkò ni mò ń dà.

EULOGE: Mo rí i. Ẹ da fìlà.

BÀṢÍRÙ: Ta ló fẹ́ dé e?

EULOGE: Ẹ̀rọ. Ó ń gbóná. Mo fẹ́ ohun tó máa gba ooru lórí ẹ̀ kíákíá.

BÀṢÍRÙ: Ẹ̀n. Kò sí irin tó ń gba iná bíi tèmi. Ẹ lọ bi àwọn tó ń se àkàsà.

EULOGE: Ìyẹn ni mo ṣe wá.

BÀṢÍRÙ: Méjì ni n ó dà o. Àpótí mi, méjì méjì ló ń gbà. Bí mo bá fi apá kan sílẹ̀ lófìfo, iyanrìn á ya, èyí tó wà lápá kejì á bàjẹ́.

EULOGE: Ẹyọ kan ni mo fẹ́.

BÀṢÍRÙ: Ẹyọ kan lẹ máa mú. Èmi ni mo ní èkejì.

EULOGE: Ẹ fi so ọrùn ewúrẹ́ yín.

Bàṣírù kì í jẹ́ kí ohun tó bá dà kúrò níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti rí iná. Bí ó ti ń ṣe fún ìkòkò ló ṣe fún fìlà: ó gbé e ka ẹyín iná, ó kán omi sí i lórí. Omi náà fò dìde, ó sì tán. Bàṣírù wo Euloge. Euloge mi orí, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, bí ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ṣe ohun tó ṣe. Gbogbo ilé láti Towé dé Sakété ló ń fi ìkòkò yẹn sebẹ̀. Níṣojú gbogbo ayé ló ti ń gba iná. Ta ni kò mọ̀ pé ó ń gba iná?

11

*(Látinú ẹgbẹ́ «Ọmọ Irin, Pobè-Sakété», ìdájí ọjọ́ Ajé.)*

Euloge: Fìlà tuntun ti wọlé. Mo fi pépà oníyanrìn ha á títí tí mo fi rí eyín mi nínú ẹ̀. Irin olómi wà lókè, ó wà nísàlẹ̀. Mo ti eré ẹ̀ sókè. Ẹ wo ooru ẹ̀ nínú fọ́tò yìí. Ẹ wò ó kí ẹ sunkún.

Ràúdátù: Ọjọ́bọ̀ ló sọ báyìí pé òun máa sè é tán. Fòfó, Ọlọ́run á san án fún yín.

Wilfried: Ẹ kú iṣẹ́, Fòfó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ jọ̀ọ́, irin wo lẹ fi ṣe fìlà náà?

Euloge: Aluminiọ̀mù. Ọ̀dọ̀ Bàṣírù, ní ìlú tìẹ, ní ẹ̀yìn ọjà tìẹ. O ti ń gba iwájú ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, o ò rí nǹkan kan.

Wilfried: Òótọ́ ni. Ìwé inú páálí irin olómi yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ fún mi kí n kà á.

Euloge: Mo ti fi nu abẹ.

12

Ó sáré fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀.

13

Ọ̀sán Ìṣẹ́gun ni. Euloge ń jẹun lọ́wọ́. Ojú kọ̀ǹpútà náà kàn ṣú, fáànù yí díẹ̀ sí i bí ẹni tí wọn kò tíì sọ fún, òun náà dúró.

Ó fọwọ́. Ó tú u.

Fìlà Bàṣírù kò dán mọ́. Ó ti di àwọ̀ eérú. Euloge fi ìka kàn án láti gbé e, ìka rẹ̀ sì wọlé. Ohun tí wọ́n gbé ka iná lójú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ fi pépà ha, rún sí i lọ́wọ́ bí kúlíkúlí. Irin olómi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti sá kúrò láyè rẹ̀, ó ti ṣàn lọ sáàrin àwọn wáyà wẹ́wẹ́, ó dúró síbẹ̀ ní kókó kókó, ó ń dán. Ohun tí irin olómi náà ti kàn kò ní jí mọ́.

Euloge jókòó. Ìtìjú mú un. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ìtìjú mú un, ó sì bínú sí ìtìjú náà, ó sì wá ẹni tó lè bínú sí, kò rí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù.

14

*Ohun tó tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀:*

irin olómi aluminiọ̀mù

*Ìdáhùn, èyí tó wà lókè pátápátá:*

Má ṣe jẹ́ kí irin olómi kan aluminiọ̀mù láéláé. Á jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Bí wọ́n bá ti ha ojú aluminiọ̀mù náà kó lè dán, á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbà kò léwu.

*Ìgbà tó gbà á láti mọ̀:*

Kò tó bí ènìyàn ṣe ń gbé òkèlè kan mì. Oúnjẹ rẹ̀ ṣì ń gbóná.

15

RÀÚDÁTÙ: Wọ́n ní ẹ ń pè mí.

EULOGE: Kúràn ló pa á. Iná mànàmáná.

RÀÚDÁTÙ: Kúràn?

EULOGE: Ó lọ, ó padà dé pẹ̀lú agbára. Kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i.

RÀÚDÁTÙ: Nígbà wo ló lọ? Ilé wa lọ́hùn-ún, kò lọ.

EULOGE: Ṣé ilé yín ni ṣọ́ọ̀bù mi?

RÀÚDÁTÙ: Fíìmù mi wà lórí fláàṣì. Àwọn àwòrán tó ti sè ńkọ́?

EULOGE: Mo ti kó wọn fún ẹ. Rèé.

RÀÚDÁTÙ: Dákọ̀, ó dáa. Mò ń lọ bá Fòfó Wilfried.

EULOGE: Jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́ ni ẹ̀rọ tìyẹn ń ṣiṣẹ́.

RÀÚDÁTÙ: Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń tanná. Fòfó, ẹ bá mi fún un ní irin olómi tó kù yẹn. Kó lè ṣe bíi tiyín. Lára tiyín ni gbogbo wa ti rí pé ó ń ṣiṣẹ́.

EULOGE: *(ó ń nu abẹ rẹ̀)*

RÀÚDÁTÙ: Àbí ó ti tán?

EULOGE: Kò tán.

RÀÚDÁTÙ: Kúràn ló pa á, ẹ ní. Kì í ṣe irin olómi.

EULOGE: Kì í ṣe irin olómi.

Ó sì fún un. Ọwọ́ tí kò gbọ̀n nínú fídíò, òun ló fi nà án sí i.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò séwu. Fìlà bàbà ni Wilfried ní, bàbà kò léwu, fóònù ti sọ bẹ́ẹ̀. Ojo ni Wilfried. Á dá fìlà òyìnbó padà sórí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Euloge gbẹ́kẹ̀ lé ìwà ojo Wilfried.

16

Ohun tí kúràn kò lè ṣe:

kò lè sọ aluminiọ̀mù di ìyẹ̀fun,

kò lè fi ìwé nu abẹ,

kò lè lu ihò sí àárín fìlà kó fi so kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí kúràn lè ṣe:

ó lè ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀.

17

*(Ẹgbẹ́ kan náà, àárọ̀ Ọjọ́rú.)*

Wilfried: Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ Ràúdátù wà lórí ẹ̀rọ mi. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ì bá parí, ìyẹn ti pẹ́ jù fún un. Nítorí náà mo lo ọgbọ́n Fòfó wa. Mo ṣí fìlà. Mo lọ bá Bàṣírù, ó ní méjì lòun dà lọ́jọ́ yẹn, ó fún mi ní ìkejì ti Fòfó. Mo ha á bí ẹ ṣe ha tiyín. Ó ń sáré báyìí. Ó ní ìdájí Jímọ̀ lòun máa parí.

Wilfried: Fìlà bàbà tèmi wà nínú aṣọ, mo kọ orúkọ sí i. Bí ẹ bá rí nǹkan tí mi ò ṣe dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, Fòfó, ẹ sọ fún mi, mo lè dá a padà.

Ràúdátù: Ó ń sáré lóòótọ́. Ewúrẹ́ mi ti dé orí ìlà. Ó ní àwọ̀. Fòfó Euloge, ẹ ṣeun. Bàbá mi ní kí n kí yín.

18

Euloge ka gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Lẹ́yìn náà ó ka ibi tó ti sọ pé méjì ni Bàṣírù dà, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìṣirò náà kò le. Ẹnikẹ́ni tó bá lè wọn gàrí lè ṣe é. Tirẹ̀ sáré fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ti Wilfried bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni yóò rún. Ìdájí Jímọ̀ kò ní bá a láàyè. Bó bá sì rún, kò sí ẹ̀rọ mìíràn ní Pobè tàbí ní Sakété tó lè sè é kí iléèwé tó kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí Wilfried bá yọ ọ́ lónìí, kó fi aṣọ nu irin olómi tó ti kan aluminiọ̀mù náà kúrò, kó fi èyí tó kù sábẹ́ fìlà bàbà rẹ̀, kó dé e padà, iṣẹ́ yóò dúró fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún sáré. Kò ní yá tó bó ṣe ń yá báyìí. Àárọ̀ Jímọ̀ ni yóò parí, bí ọ̀sán bá ti ń kan ilẹ̀kùn. Yóò bọ́ sí i gẹ́ẹ́.

Gbólóhùn kan ni. «Yọ ọ́.» Wilfried kì í bá a jiyàn, á yọ ọ́. Lẹ́yìn náà á bi í pé kí ló dé, nítorí Wilfried máa ń béèrè. Gbogbo ẹgbẹ́ á sì dúró de ìdáhùn. Ràúdátù á sì rántí kúràn tí kò lọ.

19

*Ohun tí Euloge kọ, tó sì pa rẹ́. Gbogbo Ọjọ́rú.*

Wilfried, yọ ọ́.

*[ó pa á rẹ́]*

Ta ló ní kó o mú ohun tí kì í ṣe tìẹ lọ́dọ̀ Bàṣírù?

*[ó pa á rẹ́]*

Ẹ kíyè sí i o, gbogbo ẹgbẹ́. Mo gbọ́ pé Bàṣírù ti ń po nǹkan mọ́ irin ẹ̀

*[ó pa á rẹ́. Ó rántí omi náà tó fò dìde lórí ẹyín iná, àti ojú àgbàlagbà náà tó ń wo ojú rẹ̀.]*

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kútọnu, kì í ṣe èmi, ó ní

*[ó pa á rẹ́]*

Ràúdátù, kúràn kọ́

*[ó pa á rẹ́]*

20

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Euloge gun ọ̀kadà rẹ̀, ó kọjú sí Sakété. Fìlà bàbà tó ní ihò ń lu irin ọ̀kadà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀ bó ti ń lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á kàn wọlé, òun á ní òun ń kọjá lọ, òun á tú ẹ̀rọ Wilfried pẹ̀lú ìbínú bí òun ti máa ń ṣe, òun á ní ọmọ náà kò mọ fìlà dé, òun á dá ti bàbà padà. Kò sí ẹni tó máa mọ nǹkan kan. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín sínú afẹ́fẹ́.

Nígbà tó dé ọjà Sakété, àwọn obìnrin ń wọn gàrí. Ọ̀kan nínú wọn, àǹtí Ràúdátù, dá a mọ̀. Ó gbé agolo ìwọ̀n sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró.

«Ẹ̀yin lẹ bá ọmọ wa ṣe é,» ó ní. «Wilfried ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà kó tó parí, kó kọ́kọ́ pa òun. Ó ti ti ilẹ̀kùn. Òun àti Ràúdátù ló jókòó tì í nínú ilé. Ẹ kàn lu ilẹ̀kùn, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa ṣí i fún.»

Euloge dúpẹ́. Ó ti ọ̀kadà náà dé iwájú ilé Wilfried. Ilẹ̀kùn tì lóòótọ́. Láti ìta, ó gbọ́ fáànù, ó gbọ́ ohùn Ràúdátù tó ń ka nọ́ńbà àwòrán tó ti jáde, ó gbọ́ Wilfried tó ń tún un sọ tẹ̀lé e. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Apanilẹ́rìn-ín ni fíìmù náà.

Bó bá wọlé tó bá ní kí wọ́n dá a dúró, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa níbi tó dúró sí. Ọgbọ́n tó wá láti Pobè kò já ju ẹnu ọ̀nà yìí lọ.

Ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀.

21

*Euloge ń kọ̀wé…*

22

Ràúdátù: Fòfó, mo rí i pé ẹ ń kọ nǹkan. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń kọ ọ́.

23

*Euloge ń kọ̀wé…*

3 (ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí fídíò náà ṣe bẹ̀rẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ irin. Euloge ti Pobè ni. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí, ẹ lè ṣe é nílé yín, bí ẹ bá ti ń wo ọwọ́ mi. Ẹ má bẹ̀rù. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ké sí mi, mo wà níbí. Mo máa dá yín lóhùn. Àwọn tí wọ́n ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, wọn ò mọ̀ ọ́n ni, wọn ò sì ní sọ fún yín pé àwọn ò mọ̀ ọ́n,